Béèsìbọ́ọ̀lù: Ìgbà Wo ni Eré Sísá Di Dandan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Àbúrò mi mú mi lọ wo béèsìbọ́ọ̀lù ní Ìlọrin. Wọ́n lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ọmọ kan sá láti ibùdó kìíní lọ sí ìkejì, ẹnikẹ́ni kò kàn án, síbẹ̀ rẹfirí ní ó ti jáde. Nígbà tó yá, ẹlòmíràn sá lọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lu bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ní àfi kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù kàn án. Kí ló fa ìyàtọ̀? Òǹkàwé yín, Ọ̀fà.

Ìdáhùn: Ìbéèrè pàtàkì ni ẹ bi wá, torí pé ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn rẹ̀ ni yóò gbádùn eré náà. Ẹ̀gbẹ́ méjì ló ń ṣe é, ẹni 9 ló sì ń ṣọ́ pápá nígbà tí àwọn yòókù ń lu bọ́ọ̀lù. Ibùdó 4 ló wà, ẹsẹ̀ bàtà 90 sì ni láti ìkan dé èkejì fún àwọn àgbà. Ẹni tó bá yí wọn ká padà sí ibùdó ilé, níbi tí wọ́n ti ń lu bọ́ọ̀lù, ló gba àmì kan. Bí ẹni 3 nínú àwọn tó ń lu bọ́ọ̀lù bá ti jáde, ìyẹn ni pé wọ́n ti ní kí wọ́n kúrò lórí pápá, ẹgbẹ́ méjèèjì á pààrọ̀ ipò.

Ẹni méjì kò gbọdọ̀ wà ní ibùdó kan náà. Bí wọ́n bá lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, dandan ni kí ẹni tó lù ú sá lọ sí ibùdó kìíní, ẹni tó sì wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣípò fún un. Nítorí pé kò ní ibi tí yóò padà sí mọ́, bí ẹni tó ń ṣọ́ ibùdó kejì bá ti mú bọ́ọ̀lù dání, tí ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan igun ibùdó náà kí ẹni tó ń sá bọ̀ tó dé, ó ti parí fún ẹni tó ń sá náà. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ yẹn dáadáa, ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni gbogbo rẹ̀.

Ní ti ẹnì kejì, kò sẹ́ni tó ń lé e kúrò. Ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ló fi sá, ó sì lè padà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fi bọ́ọ̀lù, tàbí ìbọ̀wọ́ tí bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, kan òun fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá hán bọ́ọ̀lù lófuurufú kí ó tó balẹ̀, ẹni tó lù ú ti jáde nìyẹn, ẹni tó bá sì ti sá kúrò ní ibùdó rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà lọ fọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kàn án kí bọ́ọ̀lù tó ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.