Ìgbàgbọ́ àti Ìrètí Nínú Ilé Tó Rẹni

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gààrí ni mo ń yan tà ní Òmù-Àrán. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìlọrin sí Èkó, kì í sì í ṣe gbogbo ọjọ́ Àìkú la ń rí i. Ìyá rẹ̀, tí í ṣe Mùsùlùmí, ń gbé lọ́dọ̀ wa. Alaalẹ́ ni mo ń kó àwọn ọmọ jọ fún Rósárì, àdúrà ìlẹ̀kẹ̀ àwa Kátólíìkì, ṣùgbọ́n ká tó parí Mo kí ọ Màríà mẹ́wàá àkọ́kọ́, àwọn kékeré á ti sùn lọ, ìbínú ni n ó sì fi parí ìyókù. Àkọ́bí wa, tí JAMB ti já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní òun kò lọ sí Mísà mọ́. Ó ń ṣe mí bíi pé ìgbàgbọ́ ti ń kú nínú ilé mi. — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ẹni tí ìgbàgbọ́ ti kú nínú rẹ̀ kò ní bínú nítorí Rósárì tí kò parí.

Ìjọ kò pọn ọ́n ní dandan pé kí ìdílé ka Rósárì tán lálaalẹ́. Nínú ìwé tí Póòpù Francis kọ nípa ìfẹ́ nínú ìdílé ní ọdún 2016, ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́ ló dámọ̀ràn, kí ìdílé fi kóra jọ síwájú Ọlọ́run alààyè, kí wọ́n sọ ohun tó ń ká wọn lára fún un, kí wọ́n gbàdúrà fún ẹni tó wà nínú ìṣòro, kí wọ́n sì dúpẹ́. Nítorí náà, ẹ ka mẹ́wàá péré nígbà tí ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná, kí oorun tó dé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì dárúkọ ẹni tó fẹ́ ká gbàdúrà fún. Bí bàbá wọn bá pè láti gáréèjì, kí òun náà ka ọ̀kan pẹ̀lú yín lórí fóònù. Ní ti Màmá, nígbà tí wọ́n bá jí kírun àsùbáà, ẹ̀yin náà ẹ dìde, kí ẹ fi iṣẹ́ ọjọ́ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́ kí ẹ tó dáná sí abẹ́ agbada.

Ọ̀rọ̀ àkọ́bí yín ló ká mi lára jù. Mísà ọjọ́ Àìkú ṣì jẹ́ ojúṣe rẹ̀, n kò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í ohun tí ìdánwò náà ṣe fún ọkàn rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó gbàdúrà gidigidi, tó sì rò pé Ọlọ́run dójú ti òun. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ sọ fún àwọn ará Róòmù pé ìrètí kì í dójú ti ni, ṣùgbọ́n ìpọ́njú àti sùúrù ló kọ́kọ́ dárúkọ kó tó débẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ìkùnà náà bú u rí, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ rántí Zélie Martin, ìyá Tèrésà Mímọ́ ti Lisieux, tó ń fi ọwọ́ ṣe léèsì tà ní ilẹ̀ Faransé. Ọmọ mẹ́sàn-án ló bí, mẹ́rin kú ní kékeré, èyí tó ń jẹ́ Léonie sì le débi pé wọ́n dá a padà láti ilé ẹ̀kọ́. Zélie kú ní 1877 nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, láìtíì mọ ibi tí yóò já sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Léonie wọ ilé àwọn Sístà tó tún jáde. Ní 1899 ló wọlé nígbà kẹrin, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní 1941. Ní 2015 ni Ìjọ kéde Zélie àti ọkọ rẹ̀, Louis, pọ̀ ní ẹni mímọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tí ọkọ yín bá wà nílé, kí òun ni kó pe ọmọ náà sí Mísà, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Bí ó bá kọ̀, ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì bò ó kó má baà tutù.