Ìbéèrè: Kí ni máàkì kírẹ́díìtì, kí sì ni ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé káàdì?

Ìbéèrè náà nìyí: kí ni máàkì tí àwọn báǹkì Amẹ́ríkà máa ń wò kí wọ́n tó fún ènìyàn ní káàdì kírẹ́díìtì, kí sì ni ìtumọ̀ APR, minimum payment àti grace period tó wà nínú ìwé gbèsè oṣooṣù? Àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí pé ara bí ènìyàn ṣe ń lo káàdì, tó sì ń san gbèsè rẹ̀, ni máàkì náà ti ń jáde.

Àwìn ni káàdì yìí. Báǹkì á san owó fún ọlọ́jà, ẹ̀yin á sì jẹ báǹkì ní gbèsè títí dé iye tí wọ́n ti fi ṣe òdiwọ̀n fún yín, èyí tí wọ́n ń pè ní credit limit. APR ni èlé ọdún kan lórí gbèsè náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ báǹkì kì í dúró di ìparí ọdún kí wọ́n tó kà á; ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀. Bí APR bá jẹ́ 24%, gbèsè $1,000 yóò máa bí èlé bíi sẹ́ǹtì 66 lóòjọ́, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $20 lóṣù.

Minimum payment ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà jù, ó sì máa ń dùn mí. Iye tó kéré jù tí ẹ lè san kí báǹkì má baà kà yín mọ́ àwọn tó pẹ́ san ni, kì í ṣe iye tí yóò gbà yín lọ́wọ́ èlé. Bí ó bá jẹ́ $30 lórí gbèsè tí mo mẹ́nu bà yìí, nǹkan bíi $20 á bá èlé lọ, nǹkan bíi $10 péré ni yóò kúrò lára ojúlówó gbèsè. Ìdí nìyí tí òfin tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009 fi ní kí báǹkì kọ ọ́ sínú ìwé náà bí yóò ti pẹ́ tó kí gbèsè tó tán fún ẹni tó ń san iye yìí nìkan. Mo bẹ̀ yín, ẹ máa kà á.

Òfin kan náà ló ní kí ìwé gbèsè jáde ní ọjọ́ 21, ó kéré tán, ṣáájú ọjọ́ ìsanwó. Àkókò yìí ni grace period: bí ẹ bá san gbogbo gbèsè náà kí ọjọ́ tó pé, ẹ kò ní san èlé lórí ọjà tí ẹ rà. Bí ẹ bá ṣẹ́ díẹ̀ kù, àǹfààní náà sábà máa ń bọ́, ọjà tuntun á sì máa bí èlé láti ọjọ́ tí ẹ rà á. Owó tí ẹ bá fi káàdì gbà lẹ́nu ẹ̀rọ ATM kì í sábà ní àǹfààní yìí rárá.

Ní ti máàkì, nọ́ńbà tó ń fi hàn bí ènìyàn ṣe ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó láti san gbèsè ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní FICO ni ọ̀pọ̀ báǹkì ń lò, láti 300 dé 850. 670 sókè ni wọ́n ń pè ní èyí tó dára. Kì í ṣe òṣùwọ̀n ọrọ̀, nítorí pé owó oṣù yín kò sí nínú rẹ̀. Sísan gbèsè lásìkò kó 35%, iye gbèsè tó wà nílẹ̀ kó 30%, bí ẹ ti pẹ́ tó lẹ́nu gbígba àwìn kó 15%, gbèsè tuntun àti oríṣiríṣi gbèsè sì kó 10% ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìsanwó tó bá fi ọgbọ̀n ọjọ́ pẹ́ lè wà nínú àkọsílẹ̀ yín fún ọdún 7.

Ìdá 30% yẹn ló ń ya àwọn tó ń san gbèsè wọn tán lẹ́nu. Iye tó bá wà lórí káàdì nígbà tí ìwé oṣooṣù jáde ni báǹkì sábà máa ń fi tó Equifax, Experian àti TransUnion létí, àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tó ń pa àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn mọ́. Nítorí náà, ẹni tí òdiwọ̀n rẹ̀ jẹ́ $2,000, tó ná $1,800, tó sì san án tán lọ́jọ́ ìsanwó, lè dà bí ẹni tí gbèsè bò mọ́lẹ̀. Kí ó san púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ìwé tó jáde ni àtúnṣe rẹ̀. Ẹ má sì bẹ̀rù láti wo máàkì yín fúnra yín, nítorí wíwò yẹn kì í dín in kù. Ìgbà tí ẹ bá tọrọ àwìn tuntun, tí báǹkì sì yẹ àkọsílẹ̀ yín wò, ni ó lè dín díẹ̀.