Álááàmù dún, ó pa á lẹ́nu mọ́: ṣé ká lé e níṣẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gá ṣíìfù ni mí níbi tí a ti ń ṣe òróró. Lóru ọ̀sẹ̀ tó kọjá, álááàmù dún pé táǹkì ti fẹ́ẹ́ kún. Ọmọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà pa á lẹ́nu mọ́, òróró sì dà sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn ọ̀gá ní kí n kọ lẹ́tà kó máa lọ sílé. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì kọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí álááàmù dún lóru ọjọ́ yẹn. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Bó bá ń dún ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì béèrè pé kéèyàn ṣe ohunkóhun, á ti di ariwo ọjà létí ọmọ yẹn. Ta ló ń bojú wẹ̀yìn wo gbogbo ẹni tó ń pariwo ní Òṣòdì? Èmi náà ti pa irú rẹ̀ lẹ́nu mọ́ rí. Orí ló yọ mí, omi ló wà nínú táǹkì tèmi.

Nílé ìfọpo Texaco ní Milford Haven, lórílẹ̀-èdè Wales, lóṣù Keje 1994, álááàmù 275 ló ya lu òṣìṣẹ́ méjì ní ìṣẹ́jú 11 tó ṣáájú ìbúgbàù. Fáàfù kan, ohun tó ń ṣí ojú páìpù tó sì ń pa á dé, ti padé, kọ̀ǹpútà sì ń sọ pé ó ṣí. Níbo ni wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ béèrè ìgbà tí ọmọ yẹn sinmi kẹ́yìn pẹ̀lú. Ní ilé ìfọpo BP ní Texas City, ní Amẹ́ríkà, níbi tí èèyàn 15 kú sí lọ́dún 2005, àwọn kan ti fi ọjọ́ 29 ó lé ṣiṣẹ́ wákàtí 12 lójúmọ́ láìsinmi.

Tó bá jẹ́ èmi, màá mú álááàmù mẹ́wàá tó ń dún jù lọ. Ẹ ó rí i pé ohun èlò tó ti bàjẹ́ wà níbẹ̀, àtèyí tí wọ́n ṣètò ààlà tó ti máa ń dún sítòsí jù. Ẹ tún wọn ṣe, kí ẹ sì kọ àtúnṣe náà sílẹ̀. Fún ìyókù, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ pé: bí èyí bá dún, kí lẹ ó ṣe? Èyí tí kò bá ní ìdáhùn, ẹ yọ ohùn rẹ̀ kúrò. Táǹkì kíkún ní tiẹ̀ kò yẹ kó dúró dè ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí páǹpù máa kú fúnra rẹ̀, látara ohun èlò mìíràn tó dá dúró.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé álááàmù kan ṣoṣo yẹn ló dún lóru náà, tí fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹ kọ lẹ́tà yín.