Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n lè fi iṣẹ́ abẹ yọ wèrè kúrò lórí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ó ti tó ọdún méjì tí àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 26, ti ń gbọ́ ohùn tí àwa kò gbọ́. Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní òyìnbó máa ń la orí irú wọn, àìsàn náà á sì lọ pátápátá. Bàbá wa fẹ́ ta oko kòkó wọn lọ́nà Ìdànrè nítorí ẹ̀. Ṣé kí wọ́n tà á? Ìyá Ìbejì, Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàbá, kí wọ́n má ta oko yẹn.

Ẹni yẹn kò parọ́ tán. Wọ́n ti ṣe é rí, ibi tó já sí ni kò sọ. Lọ́dún 1935, ní Lisbon, dókítà ará Pọ́túgà kan, Egas Moniz, ní kí wọ́n lu agbárí àwọn aláìsàn, kí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ ta ògidì ọtí sí iwájú ọpọlọ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin gé e. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1949. Ilé ìwòsàn kún àkúnya nígbà náà, kò sì sí oògùn gidi kan; mo mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi sáré tẹ̀ lé e.

Walter Freeman ti Amẹ́ríkà ló wá ṣe é bí ẹni ń gé èékánná. Ẹ fi ìka kan egungun tó wà lábẹ́ irun ojú yín. Láti 1946, abẹ́ ibẹ̀ ló ń ti irin ṣóńṣó gbà, lókè ẹyinjú, á fi òòlù gbá a wọlé, á wá mì ín sọ́tùn-ún sósì nínú ọpọlọ tí kò fojú rí. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ó parí.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn dákẹ́. Ẹni tó ń pariwo kò pariwo mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ lè máa sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má wojú ẹ̀. Àwọn kan kú. Rosemary Kennedy, àbúrò John Kennedy tó di ààrẹ Amẹ́ríkà, jẹ́ ọmọ ọdún 23 nígbà tí Freeman àti akẹgbẹ́ rẹ̀ gé ọpọlọ rẹ̀ lọ́dún 1941, kí Freeman tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú wọlé. Kò lè dá gbé mọ́ títí ó fi kú ní 2005. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí ọmọbìnrin yẹn.

Oògùn ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ní 1952, ní Faransé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tí a mọ̀ sí Largactil níbí. Iṣẹ́ abẹ irú èyí ṣì wà, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n gan-an, bíi fún ẹni tó ń fọ ọwọ́ títí awọ fi ń bó, tí gbogbo oògùn ti kùnà. Kì í ṣe ìtọ́jú ẹni tó ń gbọ́ ohùn. Bí a bá yẹ àbúrò yín wò tí a rí kókó nínú ọpọlọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ẹ mú un wá síbi ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ nínú Àkúrẹ́ níbí. Oògùn lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ohùn náà tó rọlẹ̀, ẹ má sì dá a dúró tí ara bá ti yá. Télọ̀ kan tó ní irú àìsàn yìí ń wá gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ mi lóṣooṣù, téèpù ìwọnṣọ á ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe ń jókòó. Ẹ kó gbogbo àgbo tó ti mu dání, pàápàá bí asofẹ́yẹjẹ bá wà nínú rẹ̀: ó ń kunni lóorun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó fún un lóògùn kankan.