Èsì: Ẹṣin tó ń ta gìrì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ẹṣin o. Ẹ ní ó ń ta gìrì bí ọ̀kadà bá kọjá l'Ákẹ̀sán, kì í sì í gba gàárì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe agídí, pàṣán á wulẹ̀ dá kún ẹ̀rù náà ni.

Ẹ má gba ẹ̀yìn yọ sí i, ẹ má sì gba ọ̀gangan iwájú orí rẹ̀. Kò ríran síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ èjìká ni kí ẹ gbà, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ ṣọ́ etí rẹ̀: tó bá dì í mọ́ ọrùn, ẹ dúró. Tó bá sọ orí kalẹ̀, tó ń pọ́nnu lá, ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Kíá, ẹ dẹ okùn tí ẹ fi dì í mú. Dídẹ okùn lásìkò yẹn ló ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ jù.

Kẹ́ ẹ tó gbé gàárì, aṣọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi pa á lára, lẹ́yìn tó bá ti gbóòórùn rẹ̀. Ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò náà o, bóyá gàárì ti dá egbò sí i. Ẹṣin tára ń ro kò lè gbẹ̀kọ́. Ní ti ọ̀kadà, ọ̀nà jíjìn ni kó ti máa gbọ́ ọ ná, kẹ́ ẹ máa fà á sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀.