Kí wọ́n tó gbé bàbá kúrò ní Jẹ́nẹ́rà, ẹ béèrè aago abẹ́rẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o, ẹ sì kú ìnáwó. Mo rí ìbéèrè yín pé wọ́n fẹ́ gbé bàbá láti ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà lọ sí Tíṣìn, ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà, nítorí egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ, àti pé àwọn tó ń tọ́jú fáìlì ní àwọn ò ní fún yín ní fáìlì wọn. Màá dáhùn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú ìyá mi rí, torí fáìlì kọ́ ni olórí ẹjọ́.

Àtọ̀gbẹ náà ló ń bá ìyá mi fínra. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ló ń tọ́jú wọn. Nígbà tí kíndìnrín bẹ̀rẹ̀ sí í dá wàhálà sílẹ̀, dókítà ní agbára àwọn ò ká a mọ́, ó kọ lẹ́tà pé ká gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn míì. Orúkọ, ọjọ́ orí, àtọ̀gbẹ, lẹ́yìn náà "kindly see and manage", ìyẹn ni pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò wọ́n kẹ́ ẹ sì tọ́jú wọn. Ó parí. Ó fọwọ́ sí i wìtì bí ẹni ń kọ tẹ́tẹ́. Bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì alẹ́ ti gún ìyá ní insulin, abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, ní ìdájí, ó kọ ọ́ sínú ìwé wọ́ọ̀dù, ìwé wọ́ọ̀dù sì dúró sí wọ́ọ̀dù. Oúnjẹ àárọ̀ ò tíì délẹ̀ tí áńbúláǹsì fi dé.

A dé ẹ̀ka pàjáwìrì, wọ́n wọn ṣúgà, ó ga. Dókítà kékeré kan bi mí bóyá wọ́n ti gún mama ní insulin lónìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èwo? Yúnìtì mélòó? Aago mélòó? Nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé wa ti sọ lẹ́tà sórí tábìlì, ó ti bá áńbúláǹsì lọ. Wọ́n pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà, ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ni wọ́n bá gún òmíràn lé e. Kíndìnrín tí kò dá pé kì í sì í tètè mú insulin kúrò lára, àṣé ti àárọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kò pẹ́ ni òógùn bo ìyá, wọ́n ń pe àbúrò wọn tó ti kú, wọ́n ń já aṣọ kúrò lára. Obìnrin kan tó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kejì ní ìyá ń jẹ́wọ́ ni, ó gbé Bíbélì. Nígbà tí wọ́n wọn ṣúgà, 38 mg/dL ni. Tó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ, ewu ti dé nìyẹn. Wọ́n fa glucose, omi ṣúgà, sínú iṣan, ìyá wá lajú, wọ́n ní, "Ta ló ń gbàdúrà lé mi lórí?"

Mo padà lọ bá dókítà tó kọ lẹ́tà. Ó ní, "Ṣebí a kọ lẹ́tà fún yín." Inú mi ṣì ń ru títí di òní.

Àbúrò ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi pé ìlànà kan wà tó ń jẹ́ SBAR, tí wọ́n fi ń fa aláìsàn lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó ń wa ọkọ̀ abẹ́ omi ló ti wá, kí àwọn Kaiser Permanente, iléeṣẹ́ ìlera kan ní Amẹ́ríkà, tó mú un wọ ilé ìwòsàn. Ohun mẹ́rin ló ní kẹ́ni tó ń fa aláìsàn léni lọ́wọ́ sọ: Kí ló ń ṣe aláìsàn báyìí? Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀, kí lẹ sì ti ṣe sí i? Kí lẹ rò pé ó jẹ́? Kí lẹ fẹ́ ká ṣe? Wọ́n kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì nílé ìwé, wọ́n ṣe ìdánwò lé e lórí, àmọ́ tí aláìsàn bá dé, "see and manage" náà ni.

Nítorí náà, kí lẹ́tà bàbá ní oògùn kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀, àti aago tí wọ́n lò ó kẹ́yìn. Tí wọ́n bá kọ "10U", ẹ ní kí wọ́n kọ "units" gbọọrọ. U oníkánjú máa ń dà bí òdo, mẹ́wàá á di ọgọ́rùn-ún. Èsì àyẹ̀wò, fọ́tò egungun, nọ́ńbà dókítà, ẹ̀yin náà mọ ìyẹn. Oògùn tí ara bàbá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sókè pátápátá.

Ẹ ṣọ́ orúkọ o. Ìyá Ìbejì méjì ló wà ní wọ́ọ̀dù ìyá mi, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lára ọ̀kan lọ fún àyẹ̀wò èkejì. Kí wọ́n pe bàbá ní orúkọ kíkún pẹ̀lú ọjọ́ ìbí kí wọ́n tó gún wọn ní ohunkóhun. "Baba" kì í ṣe orúkọ. Tí bàbá bá ń mu àgbo, ẹ sọ ọ́. Dókítà á pariwo, ẹ jẹ́ kó pariwo.

Ẹ̀n-ẹ́n, fáìlì. Ọ̀dọ̀ ilé ìwòsàn ló máa wà, ẹ má bá wọn jà lórí ìyẹn. Ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ béèrè. Tí wọ́n bá ní àṣírí ni, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2014, ìpín 26, gbà kí wọ́n gbé e jáde tí bàbá bá fọwọ́ sí i ní kíkọ, ìpín 27 sì gba òṣìṣẹ́ ìlera láyè láti fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn míì fún ire aláìsàn. Ọ̀gá dókítà ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́, ẹ fi àwọn tó ń tọ́jú fáìlì sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ bá dírẹ́bà áńbúláǹsì sọ̀rọ̀ kó dúró títí nọ́ọ̀sì yóò fi fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún ẹni tó gba bàbá. Tó bá ní òun ò lè dúró, ẹ san owó ọkọ̀ ìpadà nọ́ọ̀sì.