Bí ekòló bá júbà ilẹ̀: apá wo lára rẹ̀ gan-an ló ń júbà?

Àbúrò kan tó ń múra ìdánwò WAEC ní Ìbàdàn ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Mọ́lété, onílù kan kọ́kọ́ fi gángan kí àwọn àgbà tó jókòó, ó wá gbẹ́nu lé e pé: "Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu." Gbogbo èrò ní "Àṣẹ!" Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni olùkọ́ bàyọ́lọ́jì wọn sọ fún wọn pé ekòló ò lójú, kò létí, àti pé bí wọ́n bá gé e sí méjì, méjèèjì á máa yí. Ọmọ náà wá kọ̀wé pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni òwe yẹn ń sọ gan-an? Apá wo lára ekòló ló ń júbà nígbà tí kò lórí tó ṣeé rí? Tí wọ́n bá sì gé e sí méjì, èwo nínú méjèèjì ni ilẹ̀ máa lanu fún?"

Ìbéèrè kẹta yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ òun ló gbọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ká ti orí òwe bẹ̀rẹ̀. Ìbà ni kí èèyàn tó dáwọ́ lé iṣẹ́, kó kọ́kọ́ dá àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ mọ̀: Olódùmarè, akọ́dá, aṣẹ̀dá, ilẹ̀, àwọn òkú ọ̀run, àwọn ìyá wa, ọ̀gá tó kọ́ ni níṣẹ́. Oníjàálá ò ní la ohùn láìjúbà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀jẹ̀ tó ń pe iwì ò ní ṣe é. Nígbà tí eré orí ìtàgé dé, tí Hubert Ogunde ń gbé tirẹ̀ kiri ìlú, ìjúbà bá a wọnú orin tó fi ń ṣíde eré. Ẹni tó bá jú ìbà tán a máa fi kún un pé kí ìbà òun ó ṣẹ. Ibẹ̀ ni ekòló ti ń wọlé: òun ni ẹ̀rí pé ìbà máa ń ṣẹ, torí kò sẹ́ni tó rí ekòló tó júbà tí ilẹ̀ kọ̀ fún un.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wá mú nínú òwe yìí ni pé kéèyàn rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, kó tọrọ àánú, ọ̀nà á là. Mi ò bá wọn gbà á bẹ́ẹ̀. Alágbe ló ń tọrọ. Inú ilẹ̀ nilé ekòló, ilẹ̀ náà ló ń jẹ, kí ló wá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún? Ìbà rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ ọ́n á ní láti lóṣòó ti ekòló wò.

Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa ní Ìbàdàn, kò sí àgbàlá tí kò sí lára wọn. Lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì da kọnkéré sí, wàá rí òkìtì ìgbẹ́ ekòló tó dúró ṣánṣán. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń mọ irú òkìtì gíga bẹ́ẹ̀ ní agbègbè wa ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hyperiodrilus africanus. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní ọdún 1967, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ìgbẹ́ yẹn, nítorí ilẹ̀ tí ekòló bá ti jẹ tó sì yà máa ń lọ́ràá ju èyí tó wà láyìíká rẹ̀ lọ.

Mú ekòló kan, fi sórí ilẹ̀ tútù, kí o sì máa wò ó. Iwájú rẹ̀ á kọ́kọ́ tín-ín-rín, á gùn, á máa fi ṣóńṣó rẹ̀ tọ ilẹ̀ wò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ibi tó bá ti sán díẹ̀, ibẹ̀ ló máa ki ṣóńṣó náà bọ̀. Ìgbà tó bá ti wọlé tán ni apá tó wọlé yẹn á wá kúrú, á wú, tí ilẹ̀ á sì sún fún un lọ́tùn-ún lósì. Ìlanu ilẹ̀ nìyẹn. Ó kọ́kọ́ kéré kó tó tóbi. Bó bá jẹ́ pé ó wú kó tó wọlé ni, ẹnu ọ̀nà ni ì bá há sí. Àwọn tó pa òwe yìí wo ekòló dáadáa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Bí o bá tún gbé e sórí bébà gbígbẹ nínú yàrá tí jẹnẹrétọ̀ ò ti ń pariwo, wàá gbọ́ ìró hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́ bó bá ṣe ń fà. Irun líle wẹ́wẹ́ ló wà lára òrùka ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń di ilẹ̀ mú kí apá tó wú má bàa yọ̀ padà sẹ́yìn.

Ó wá ku ta ló ń pàṣẹ gbogbo èyí. Orí wà o, àbúrò, ó kàn kéré ni. Nínú irú ekòló tí wọ́n fi ń kọ́ ni nínú ìwé, ní òrùka kẹta láti iwájú, lókè ọ̀fun, kókó kékeré méjì wà tó lẹ̀ mọ́ra. Ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára kóra jọ sí ni kókó yìí, òun ni olùkọ́ yín á pè ní gáńgílíà. Okùn tó ti ara wọn jáde yí ọ̀fun ká, ó bá kókó mìíràn lábẹ́ ọ̀fun ní òrùka kẹrin, ó sì gba abẹ́ ikùn lọ títí dé ìdí. Ẹ̀yìn ni okùn tiwa gbà, abẹ́ ikùn ni tiwọn. Gbogbo òrùka tí okùn yẹn bá kọjá ló ní kókó tirẹ̀. Ekòló tó bá ní òrùka 100 ní nǹkan bí 100 ibi tí ìpinnu kékeré ti lè wáyé láìsí pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí orí.

Wọ́n ti yọ kókó òkè ọ̀fun yẹn kúrò lára ekòló rí láti wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ó ṣì ń fà, kódà fífà náà ò dáwọ́ dúró mọ́. Èyí tó wà lábẹ́ ọ̀fun ni wọ́n yọ tí ekòló ò lè gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ pé tìpá-tìkúùkù ni o fẹ́ kí n fi ìka kan ibi tí ìbà ti ń bẹ̀rẹ̀, abẹ́ ọ̀fun ni màá fi í kàn. Àmọ́ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ibi tó ń parí sí.

Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Friedländer ṣe ohun kan ní nǹkan bí ọdún 1894 tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ wọn. Ó gé ekòló sí méjì, ó wá fi òwú so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Kò sí iṣan kankan láàárín wọn mọ́, òwú lásán ni. Bí iwájú bá ti rìn tí òwú náà fà, ẹ̀yìn náà á gbé ìṣísẹ̀ tirẹ̀, á máa tẹ̀ lé e létòlétò. Fífà tí òwú yẹn fà ti tó fún òrùka àkọ́kọ́ lára apá ẹ̀yìn. Kókó inú rẹ̀ gbọ́ ọ, ó ṣe tirẹ̀, ìyẹn fa èkejì, èkejì fa ẹ̀kẹta. Ìbà náà kò yàtọ̀. Ọmọ iṣẹ́ ń júbà ọ̀gá, ọ̀gá náà ti júbà ẹni tó kọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó rí akọ́dá lójú, síbẹ̀ iṣẹ́ náà ń lọ. Nítorí náà, bí o bá bi mí pé apá wo ló ń júbà, màá ní gbogbo òrùka ni, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì.

Àṣẹ kan wà ṣá tí kì í dúró bi òrùka kọ̀ọ̀kan léèrè. Bí adìẹ bá ṣá ekòló lẹ́nu, ó ní okùn iṣan ńlá kan láàárín okùn abẹ́ ikùn yẹn tó ń gbé ìròyìn láti iwájú dé ẹ̀yìn ní kíámọ́sá, ó sì lè sá tó mítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Méjì mìíràn wà tó ń gbé ti ẹ̀yìn wá síwájú, wọn ò yá tó ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ekòló tó yọrí níta fi máa ń fà sẹ́yìn fìrì kí ọwọ́ rẹ tó dé ibẹ̀. Ó bẹ́rù adìẹ ju bó ṣe bẹ̀rù onílù lọ, torí kò gbọ́ ìlù. Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ará Gẹ̀ẹ́sì, fun fèrè sí wọn, ó ní kí wọ́n tẹ dùùrù fún wọn, wọn ò mira. Ìgbà tó gbé ìkòkò wọn lé orí dùùrù tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n sá wọ ihò. Gbígbọ̀n ilẹ̀ ni wọ́n ń mọ̀, ìró ò kàn wọ́n. Ọdún 1881 ni ìwé tó kọ lórí ekòló jáde, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀.

Ó tó àkókò ká dáhùn ìbéèrè kẹta. Méjèèjì á yí lóòótọ́, torí méjèèjì ní kókó nínú. Ìlàjì iwájú, bí òrùka tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ bá pọ̀ tó, lè yè, kó sì hu ìdí tuntun. Ìlàjì ẹ̀yìn ò ní ẹnu, kò ní kókó abẹ́ ọ̀fun, ó sábà máa ń kú ni. Iwájú ni ilẹ̀ máa lanu fún. Ẹ̀yìn á máa jù kiri lórí ilẹ̀ títí oòrùn tàbí adìẹ á fi bá a. Má sì lọ gé e láti dán an wò, mo ti sọ ìdáhùn fún ọ.

Ìwọ náà ní kókó, wọ́n sì pọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ, níbi tí iṣan 31 ti ń jáde lọ́tùn-ún, tí 31 mìíràn sì ń jáde lósì, kókó wà lára wọn tó ń gba ìròyìn gbígbóná, títutù àti ìrora kó tó wọlé. Èyí tó jọ ti ekòló jù wà nínú ìfun. Ògiri ìfun ní ẹran ara tó yí i ká àti èyí tó nà gbọọrọ, bíi ti ekòló gẹ́lẹ́, àwọn kókó kéékèèké sì tò sáàárín wọn láti ọ̀fun títí dé ihò ìdí. Àwọn onímọ̀ ará Jámánì méjì, Meissner àti Auerbach, ló ṣàpèjúwe wọn ní nǹkan bí ọdún 1857 sí 1862. Sẹ́ẹ̀lì iṣan tó wà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 100. Ọpọlọ lè ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì lè ṣe é láìsí òun. Ní 1899, àwọn onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì méjì, Bayliss àti Starling, fi ìfun ajá hàn ní London pé bí oúnjẹ bá dé ibì kan, ẹ̀yìn oúnjẹ náà á súnkì, iwájú rẹ̀ á dẹ̀. Ìfun á là fún un kó tó débẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ nísinsìnyí pé àwọn baba wa ti mọ̀ nípa kókó inú ìfun, òun ni wọ́n fi ń sọ pé "inú mi dùn." Ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ohun tó jẹ́ tiwọn. Ekòló ni wọ́n wò, wọ́n sì wò ó re.

Ọmọ tuntun kan wà tí ìfun rẹ̀ kì í là, ọ̀rọ̀ yìí sì ṣe pàtàkì ju òwe lọ. Nígbà tí ọlẹ̀ ń dọmọ nínú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa di kókó ìfun ń ti apá òkè rìn wá sísàlẹ̀. Nígbà mìíràn wọn kì í dé ìparí. Ibi tí wọn ò bá dé, tó sì máa ń jẹ́ apá ìsàlẹ̀ nítòsí ihò ìdí, á súnkì síbẹ̀, kò ní dẹ̀, ohun tó wà lókè rẹ̀ á sì máa kó jọ. Harald Hirschsprung, dókítà ọmọdé ará Denmark, ló ṣàlàyé àìsàn náà ní 1886, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun tó gbó dáadáa kí wọ́n tó bí i máa ń ya ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ kí wákàtí 48 tó pé. Èyí tí kò bá yà á, tí ikùn rẹ̀ ń wú, tó sì ń bì èébì aláwọ̀ ewé, àgbo kọ́ ló yẹ kí ìyá àgbà wá fún un mu. Ọsibítù tó ní dókítà oníṣẹ́ abẹ fún ọmọdé ni kí wọ́n gbé e lọ, irú UCH tó wà ní Ìbàdàn níbí láti 1957. Wọ́n á gé ibi tí kò ní kókó kúrò, wọ́n á so èyí tó ní i mọ́ ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló sì ń dàgbà.

Tó bá di ọjọ́ ìdánwò, àbúrò, tí wọ́n ní kí o ya iṣan ìmọ̀lára ekòló, ya kókó méjì lókè ọ̀fun, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, okùn abẹ́ ikùn, kókó kan ní òrùka kọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ orúkọ wọn sí ẹ̀gbẹ́. Má kọ òwe sí i. Ẹni tó ń máàkì lè má jẹ́ Yorùbá.